Aṣọ Ẹranko Ńlá, àti Ọwọ́ Tí Ń Rán An

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ràgàjì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní Barbican, tí ó jẹ́ kìkì kọnkéré láti ìpìlẹ̀ títí dé òkè, wọ aṣọ elésè àlùkò. Aṣọ náà fẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 2,000, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè kan ni ó hun ún, bí kò ṣe ọwọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ahunṣọ àti aránṣọ ní ìlú Tamale ní ìhà àríwá Gánà, àwọn tí wọ́n tẹ́ ẹ sí pápá ìṣeré Aliu Mahama nítorí pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti kọjá ohun tí a ń tẹ́ sínú yàrá, tí wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, bí àgbẹ̀ ti í fi ọkọ́ la poro já nínú oko rẹ̀. Nǹkan bí 130 bàtàkárì àtijọ́, ẹ̀wù tí ìdílé ti wọ̀ tí wọ́n sì ti tọ́jú láti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ, ni wọ́n rán mọ́ ojú aṣọ náà. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ni Ibrahim Mahama, ọmọ bíbí Tamale tí a bí ní 1987, ẹni tí ayé kọ́kọ́ mọ̀ nípa àpò ìdọ̀họ tí a fi ń kó kòkó, èyí tí ó máa ń rán pọ̀ tí ó sì fi ń bo ilé. Ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Red Clay, tí a fi bíríkì pupa kọ́, wà ní Janna Kpeŋŋ ní Sagnarigu, agbègbè tí ìjọba Gánà yọ kúrò lára Tamale ní 2012 kí ó lè máa ṣe àkóso ara rẹ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ aṣọ ilé yìí ṣíwájú nítorí pé ohun tí ó wà lọ́kàn mi láti sọ jẹ mọ́ aṣọ mìíràn, èyí tí ó jọ ọ́ ní títóbi ṣùgbọ́n tí ó le jù ú lọ ní rírán, èyíinì ni aṣọ tí a ń dá fún ọmọláńgidi ẹranko ńláńlá: àjànàkú tí kò ní ẹ̀jẹ̀, ẹfọ̀n tí kì í jẹ koríko, àgùnfọn tí orí rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó wà nínú wọn tí ó ń gbé wọn rìn tí ó sì ń gbé wọn jó, tí àwọn ọmọdé ń sá fún wọn tí wọ́n sì tún ń padà wá wò wọ́n. Ilé dúró sí ojú kan. Ẹni tí ó bá rán aṣọ fún un ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ tí aṣọ bá ti balẹ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹranko yóò rìn, yóò yí ọrùn, yóò kúnlẹ̀, yóò dìde, aṣọ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ya, kò gbọdọ̀ tú, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ fi ooru pa onítọ̀hún. Àwọn àgbà a máa wí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni ní ti ọmọ ènìyàn. Ní ti ẹranko tí mo ń wí yìí, aṣọ ńlá gan-an ni ẹranko ńlá. Bí ẹ bá bọ́ aṣọ kúrò lára rẹ̀, ohun tí ó kù kò ju pankẹ́rẹ́, okùn, àti ọkùnrin kan tí ó ń làágùn lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, agbẹ́gilére tí ó gbẹ́ orí ni à ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Aránṣọ tí ó dá gbogbo ìyókù ara, ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, òun ni mo sì ṣe mú kálàmù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà lórí ìdúró rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdàrúdàpọ̀ ti ń jẹ ẹ́ nídìí, Hugh Clapperton, ará Sìkọ́tíláǹdì tí ó wá sọ́dọ̀ Aláàfin, jókòó wo eré àwọn ọmọ ọ̀jẹ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ó rí àwọn tí wọ́n wà nínú àpò tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń fò láìfi ojú han ẹnikẹ́ni. Ó rí egúngún kan tí ó ṣe bí òyìnbó, tí ó funfun báláú, tí ó rù kan eegun, tí òtútù ń mú un tí ó sì ń fa áṣáà, tí ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò rin ilẹ̀ lásán rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa nínú eré ọjọ́ náà ni erè. Erè náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, èyí tí ó lé díẹ̀ ní mítà 4. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n kun aṣọ náà ní àwọ̀ tí ó bá awọ erè mu, ó ń wọ́, ó ń la ẹnu, ìrù rẹ̀ sì ń jà bí ìrù erè inú igbó, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò náà, tí kì í ṣe ẹni tí ń yìn wá lọ́fẹ̀ẹ́, fi jẹ́wọ́ pé ìṣesí rẹ̀ bá ti ẹ̀dá alààyè mu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí erè yìí. Ẹni tí ó bá ti kun aṣọ rí mọ̀ pé aṣọ tí a bá kùn a máa le, bí ó bá sì ti le, ibi tí ó bá ti ká ni ọ̀dà yóò ti sán; erè sì rèé, kò sí ibi kan lára rẹ̀ tí kì í ká. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe aṣọ erè Ọ̀yọ́ ti ní láti mọ ọ̀dà tí yóò wọnú òwú láìdúró lójú rẹ̀, ó sì ti ní láti mọ bí a ṣe ń gé aṣọ tí yóò fi yí po ara ènìyàn níwájú, tí yóò sì tún máa fẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìn títí tí yóò fi di ìrù, láìjẹ́ pé ojú rírán hàn sí ẹni tí ó jókòó ní iwájú. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tí wọ́n tọ́ka orísun wọn sí ìdílé Ológbojò ni wọ́n gbé e ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, apidán tí ó gbọ́n yóò di erè lójú agbo, yóò di ọ̀nì, yóò di ẹkùn, yóò sì di ìnàkí, kí aṣọ tó tún yí padà tí ènìyàn yóò sì máa wo ibi tí ẹranko náà gbà. Egúngún ńlá tí kì í ṣe ẹranko pàápàá ti kọ́ aránṣọ ní ọgbọ́n tí ẹranko ńlá nílò. Abala aṣọ ni wọ́n ń rán lé ara wọn nínú ẹ̀kú, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n ń so rọ̀ láti òkè wá, tí ìṣẹ́tí wọn sì dá yàtọ̀; bí egúngún bá dúró, wọ́n bo ara, bí ó bá sì yí bírí, afẹ́fẹ́ a wọ abẹ́ wọn, gbogbo abala náà a sì tẹ́ rẹrẹ yí i ká. Àwọ̀n ni ó fi ń ríran, aṣọ kan náà ni ó sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Ta ni ó ń rántí ẹni tí ó rán ẹ̀kú?

Bí a bá tọ odò Ọya lọ sí apá òkè rẹ̀, títí a ó fi dé ibi tí ó gbé ń ṣàn gba Ségou kọjá ní ilẹ̀ Málì, a ó bá àwọn tí wọ́n ti sọ ẹranko ńlá di àjọ̀dún. Àwọn Bamana tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn Bozo pẹ̀lú Somono tí wọ́n jẹ́ apẹja, ni wọ́n ni eré tí wọ́n ń pè ní sogo bò, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni wọ́n sì ń gbé e jáde. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń gbẹ́ orí ẹranko; igi tín-ín-rín tí a tẹ̀ tí a sì fi okùn dì pọ̀ ni egungun ara rẹ̀; koríko ni wọ́n sábà fi ń bò ó ní ayé àtijọ́, aṣọ sì ti gba ipò koríko lọ́pọ̀ ibi. Àwọn ọkùnrin a wọ abẹ́ rẹ̀, ẹnì kan a di igi ọrùn mú, orí a sì máa yí sọ́tùn-ún yí sósì. Láti ẹ̀yìn ẹranko ńlá náà ni àwọn ọmọláńgidi kéékèèké tún ti ń yọrí jáde, obìnrin tí ń gún odó, ẹyẹ tí ń na ọrùn, ọdẹ tí ń wá ẹran kiri, tí ó fi dà bí ẹni pé ẹfọ̀n kan ṣoṣo ru odidi abúlé lé ẹ̀yìn. Ní 2014, UNESCO kọ ìjáde àwọn ẹranko àti ọmọláńgidi ti ìlú Markala, tí ó wà létí odò náà, mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ àwọn ará Ségou ni pé wọn kò fi dandan lé e pé kí aṣọ jọ awọ. Ẹ ó rí ẹfọ̀n tí ó wọ àǹkárá olódòdó, ẹ ó rí kìnnìún tí aṣọ rẹ̀ ní ìlà pupa àti ìlà funfun, kò sì sí ọmọdé kan nínú agbo tí yóò béèrè pé ẹfọ̀n wo ni ó ní òdòdó lára. Ìrìn ni wọ́n ń wò. Bí aṣọ bá ti mì bí ẹran ara ẹfọ̀n ṣe ń mì nígbà tí ó bá ń gbé èjìká, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹfọ̀n ti dé, a kì í sì í rí erin tán kí a ní a rí nǹkan fìrí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe ẹranko ìtàgé lónìí ni wọ́n ń ná owó púpọ̀ sórí irun àti awọ àfọwọ́ṣe, tí ẹranko wọn sì rí bí òkú nígbà tí ó bá rìn, nítorí pé aṣọ náà le gbagidi lára rẹ̀. Èmi kò rí èrè kankan nínú irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n Málì yìí kò dúró sí Málì. Ní 2004, ẹgbẹ́ Handspring ti ìlú Cape Town, tí Adrian Kohler àti Basil Jones wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1981, fi ọwọ́ so ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Sogolon ti Yaya Coulibaly, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọmọláńgidi ní ilẹ̀ Bamana, wọ́n sì gbé àgùnfọn kan jáde tí ó ga tó nǹkan bí mítà 5, tí ọkùnrin méjì tí wọ́n gun igi àgéré wà nínú rẹ̀. Ìtàn òtítọ́ ni wọ́n fi àgùnfọn náà sọ: Muhammad Ali, alákòóso Íjíbítì, ni ó fi àgùnfọn kan ta Charles X ọba Faransé lọ́rẹ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ mú un rìn láti Marseille títí dé Paris ní 1827. Nínú ìrìn náà, nítorí òjò àti òtútù, wọ́n rán aṣọ òjò fún ẹranko náà, wọ́n sì fi àmì ọba Faransé sí i lára. Mo máa ń ronú nípa aránṣọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún, tí ó ní láti wọn ọrùn ẹ̀dá tí irú rẹ̀ kò tí ì dé ilé ìtajà rẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí ni Handspring ṣe ẹṣin tí gbogbo ayé mọ̀ nínú eré War Horse ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007, pankẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, tí a fi ń rí àwọn ènìyàn tí ó wà nínú rẹ̀ kedere. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, agbo ẹranko tí wọ́n fi páálí àti pákó fẹ́lẹ́ ṣe, èyí tí ẹgbẹ́ Ukwanda ti Cape Town kọ́kọ́ ya àwòrán wọn, gba Èkó kọjá nínú ìrìnàjò The Herds tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Kinshasa tí ó sì forí lé ìhà àríwá ayé, láti kìlọ̀ fún ènìyàn nípa ojú ọjọ́ tí ó ń yí padà. Ìhòòhò ni àwọn ẹranko wọ̀nyẹn wà, ó sì bá ìkìlọ̀ wọn mu. Ṣùgbọ́n èmi wò ó pé bí irú agbo bẹ́ẹ̀ bá gba Sagnarigu kọjá lọ́jọ́ kan, àwọn ará ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó jáde láìwọ aṣọ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni fugu, ẹ̀wù kan náà tí mo pè ní bàtàkárì lókè. Gbogbo ẹni tí ó bá ti rí àwọn Dagomba, onílẹ̀ Tamale, lójú ijó Damba ti rí i bí ẹ̀wù yìí ṣe ń ṣe. Ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọwọ́ hun, tí ìbú rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni wọ́n ń rán mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìsẹ́yìn ti ń ṣe aṣọ òkè. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, wọ́n a gé abala onígun mẹ́ta, wọ́n a sì fi wọ́n há àárín àwọn ọ̀já náà, tí ó fi jẹ́ pé òkè ẹ̀wù mú ara, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò ju bí ojú ti rò lọ. Bí oníjó bá dúró, ìsàlẹ̀ náà a ká jọ sí ìṣẹ́po, bí ó bá sì yí, a ṣí sílẹ̀ yí i ká. Ẹ̀wù yìí ni Kwame Nkrumah wọ̀ ní òru tí ó kéde òmìnira Gánà, 6 oṣù kẹta 1957. Abala onígun mẹ́ta yẹn gan-an ni èjìká erin ń fẹ́, òun ni ìbàdí ẹfọ̀n ń fẹ́, nítorí pé ibi tí ẹran ara ti ń nà tí ó sì ń sún kì ni aṣọ gbọdọ̀ ti ní ààyè tí ó fara pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá aṣọ fún erin tí ara rẹ̀ gùn ní mítà 4, tí aṣọ yóò sì tó mítà 5 bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìṣẹ́tí apá kan gba orí ẹ̀yìn kọjá dé ìṣẹ́tí apá kejì, ọ̀já tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 yóò tó 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gùn ní mítà 5, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 200, kí a tó mẹ́nu kan etí, ọwọ́jà, orí àti ẹsẹ̀. Aránṣọ tí ó gbọ́n kì í wọn ẹranko nígbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́. Yóò ní kí wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ dé ibi tí ó lè tẹ̀ dé, kí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ibẹ̀ ni yóò ti wọ̀n ọ́n, nítorí ibi tí ara ti nà jù lọ ni aṣọ ti ń ya. Ó gbọdọ̀ dá aṣọ ọrùn yàtọ̀ sí ti ara, kí ó sì gùn ju ọrùn náà lọ kí ó lè ká jọ. Kò gbọdọ̀ fi ojú ẹranko ṣe ojú ènìyàn, nítorí pé àyà ẹranko ni ojú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ máa ń bọ́ sí. Àyà ni kí ó fi àwọ̀n sí, kí ó pa àwọ̀n náà láró kan náà pẹ̀lú aṣọ. Kí ìwúwo aṣọ sì wà lórí egungun pankẹ́rẹ́, kì í ṣe lórí èjìká ọkùnrin. Ní Tamale, nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru ń sún mọ́ ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹni tí a bá fi aṣọ ọ̀rá bò mọ́lẹ̀ kò ní pẹ́ dákú; òwú ni kí a lò, kí a sì jẹ́ kí abẹ́ ikùn wà ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n òwú pẹ̀lú ní tirẹ̀: bí òjò bá pa á, a wúwo gan-an, nítorí náà ẹranko olówùú kò gbọdọ̀ jáde láàárín ìgbà òjò láìsí ibi tí yóò sá sí. Ní ìgbà ọyẹ́, atẹ́gùn ni ọ̀tá. Okùn tí ó wúwo díẹ̀ ni kí a rán sínú ìṣẹ́tí, kí afẹ́fẹ́ má baà ká aṣọ sókè kí ó sì tú àṣírí. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó kan ara ènìyàn, kí ó ṣeé tú kúrò fún fífọ̀, nítorí òógùn ni ó ń ba aṣọ ẹranko jẹ́ ju ijó lọ.

Ọ̀rọ̀ Sagnarigu kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí àwa Yorùbá. Ṣáájú ọdún 1969, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin kún ọjà Tamale fọ́fọ́, wọ́n ta aṣọ níbẹ̀, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ Dagbani, èdè àwọn Dagomba, bí ẹni pé ìyá wọn ni ó fi kọ́ wọn, kí àṣẹ ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ti 18 oṣù kọkànlá ọdún náà tó fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ wọn padà wálé lọ́wọ́ òfo, ìmọ̀ aṣọ tí ó so Tamale àti ilẹ̀ Yorùbá pọ̀ sì wá di ohun tí olúkúlùkù ń ṣe ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń pa ẹ̀kú pọ̀ ní Ọ̀yọ́ kò mọ ẹni tí ó ń gé fugu ní Tamale, àwọn méjèèjì kò sì mọ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi aṣọ bo ẹfọ̀n létí odò ní Markala, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò sì wọ kèrègbè.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tí wọ́n ní àyè ńlá àti orúkọ ńlá, bí irú èyí tí ó wà ní Janna Kpeŋŋ, pé kí wọ́n pe àwọn aránṣọ wọ̀nyí jọ sí ojú kan, kí wọ́n gbé egungun ẹranko kan kalẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n sì fún wọn ní òwú, àwọ̀n àti àsìkò. Mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹranko ńlá jáde, ìbáà ṣe ní Gánà, ìbáà ṣe ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe nílùú òyìnbó: ẹ kọ orúkọ aránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ agbẹ́gilére, ẹ kọ ọ́ ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé kí ẹranko tó jáde sí ojú agbo.